ÀGBÀDO INÚ Ọ̀RÁ: ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Á BẸ̀RẸ̀ RẸ̀, ÀTI BÍ A ṢE Ń KÓ O LỌ SÓKO

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dé iwájú àwa ìgbìmọ̀ ní ọdọọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò yá owó, yóò fi ra irúgbìn àgbàdo. Òjò kan péré yóò rọ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sáré gbin gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà òjò yóò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, oòrùn yóò sì mú gan-an. Èyí tí ó hù yóò rọ, èyí tí kò hù ni àparò àti òkété yóò wú jẹ. Owó oúnjẹ ilé ni yóò wá fi ra irúgbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èlé orí owó tí ó yá kò sì mọ̀ pé òjò kò rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn yóò dúró títí tí òjò fi múlẹ̀ dáadáa kí ó tó gbìn. Òun kò pàdánù irúgbìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àgbàdo tirẹ̀ bá gbó ni ti gbogbo ayé ń gbó. Ẹni tí àgbàdo rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ọjà ni ó ń dá iye lé e fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé kẹ́yìn, oníbàárà ni yóò bá a dá iye lé e.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà kan ní àárín méjèèjì ni? Ó wà. Òun ni pé kí á gbin díẹ̀ nínú àgbàdo náà sínú ọ̀rá ní ẹ̀yìnkùlé, kí á máa bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i, kí á sì kó èhù rẹ̀, ìyẹn àgbàdo kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, lọ sóko nígbà tí ilẹ̀ bá ti mu omi tó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí á mọ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀, òun gan-an sì ni kókó ẹ̀kọ́ yìí: ÀGBÀDO INÚ Ọ̀RÁ KÌ Í DÚRÓ DE ẸNIKẸ́NI. Ọjọ́ 10 sí 14 ni tirẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ àṣedànù ni.

1. OHUN TÍ Ọ̀NÀ YÌÍ WÚLÒ FÚN

Ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa jẹ: ọ̀nà yìí kò wà fún gbogbo oko. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 2½ sí àárín ìlà méjì, tí a sì fi íǹṣì 10 sí àárín igi àgbàdo kan sí èkejì, éékà kan yóò gba èhù tí ó tó nǹkan bí 21,000. Ta ni yóò bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá 21,000? Ta ni yóò rù ú dé oko? Àgbàdo tí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ oko tààrà ni kí á gbìn ín sí, bí àwọn baba wa ti ń ṣe.

Ohun mẹ́ta ni ọ̀rá wúlò fún.

Èkíní ni àgbàdo àkọ́dé ọjà. Èhù 400 kò ní ẹni lára. Ìlà 10 ni, 40 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 ní ìbú àti 34 ní gígùn lọ ti tó o. Ìyá alágbàdo sísun kan tàbí méjì lè kó gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Èkejì ni dídí àlàfo. Kò sí oko àgbàdo tí gbogbo rẹ̀ ń hù. Bí a bá tún hóró gbìn sínú àlàfo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ga jù ú lọ, wọn yóò ṣíji bò ó, pòpórò lásán ni yóò sì dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èhù tí òun àti ti oko jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà ni a fi dí i, yóò bá wọn dàgbà. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá gbin hóró 1,000 sóko, ẹ gbin 100 sínú ọ̀rá ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta ni àgbàdo aládùn, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní suwíìtì-kọ́ọ̀nù. Irúgbìn rẹ̀ wọ́n, kò sì lágbára bí ti àgbàdo wa. Èmi yóò padà sórí rẹ̀ níwájú.

2. ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ Á BẸ̀RẸ̀

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń fi ilẹ̀ kékeré dá oko níbẹ̀, máa ń gbin àgbàdo sínú ìkòkò kéékèèké nínú ilé ní oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún. Ìparí oṣù karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni wọ́n tó ń kó o jáde. Òtútù ni wọ́n ń sá fún, nítorí pé yìnyín òru lè pa èhù àgbàdo, hóró rẹ̀ kì í sì í hù nínú ilẹ̀ tí ó bá tutù jù. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òtútù kọ́ ni wàhálà wa. Omi ni. Nítorí náà, kí ẹ má fi kàlẹ́ńdà tiwọn ṣe tiyín. Òjò ni kí ẹ wò.

Òjò àkọ́rọ̀ máa ń tètè dé sí ìhà Èkó àti Ìjẹ̀bú, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó múlẹ̀ ní ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí. Ní ìhà Ìbàdàn, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń di oṣù kẹrin kí ó tó dúró. Olúkúlùkù ni ó mọ ti àdúgbò rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ká ní òjò a máa múlẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Ẹ ka ọjọ́ 12 padà sẹ́yìn, ó bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbìn sínú ọ̀rá. Ẹni tí ó bá gbin hóró sóko ní ọjọ́ 10 yóò ṣì máa retí kí tirẹ̀ hù nígbà tí tiyín ti ní ewé mẹ́ta. Àgbàdo tí a ṣí nípò yóò ranjú fún ọjọ́ díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, nítorí náà èrè ọjọ́ 12 náà kò ní pé. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Ọ̀sẹ̀ kan yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó ń ta àgbàdo tútù.

Kí ló dé tí a fi ní kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14? Àgbàdo kì í ṣe ata. Ata lè wà ní nọ́sìrì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tòmátì lè lo mẹ́rin, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Gbòǹgbò àgbàdo ń yára wá ìsàlẹ̀ ni. Bí ó bá kan ìdí ọ̀rá, yóò máa lọ́ mọ́ra. Bí ẹ bá kó o lọ sóko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò kúrú, yóò tètè yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò sì rí tín-ín-rín. Ta ni yóò ra ìyẹn?

Ẹlòmíràn yóò ní: "Akọ̀wé, bí ọjọ́ 14 bá pé tí òjò kò tíì dúró ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbin gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí 400 bá ni ẹ fẹ́, ẹ gbin 200 lónìí, kí ẹ gbin 200 yòókù ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí òjò bá já èyí àkọ́kọ́ kulẹ̀, èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò bá a pàdé. Èyí tí ó bá ti gbó jù, ẹ dà á sórí ààtàn kí ó jẹrà. Ẹ má fi ẹ̀dùn ọkàn gbìn ín.

Fún òjò àrọ̀kúrò, ìyẹn gbígbìn ẹ̀ẹ̀kejì láàárín oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà kan náà ni. Níbẹ̀, ohun tí ẹ ń sá fún ni kí òjò má baà kásẹ̀ nílẹ̀ kí àgbàdo tó yọmọ tán.

3. BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN SÍNÚ Ọ̀RÁ

(i) Ẹ dán irúgbìn wò. Ẹ ka hóró 20, ẹ wé e sínú àkísà tútù, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí 18 bá hù, irúgbìn gidi ni. Bí kò bá tó 14, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ máa fi méjì sínú ọ̀rá kan. Irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn kùn, tí àwọ̀ rẹ̀ pupa tàbí tí ó dà bí aró, májèlé ni. A kì í lọ̀ ọ́ ṣe ògì, a kì í dà á fún adìẹ, a sì gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá dì í mú.

(ii) Ẹ ṣa ọ̀rá jọ. Ọ̀rá omi píọ̀-wọ́tà tí gbogbo wa ń sọ nù ló dára jù, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ gé ẹnu rẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Ẹ bu ilẹ̀ sí i kí ó jìn tó íǹṣì 5. Agolo mílíìkì kò dára tó o, nítorí pé a kò lè gé e kúrò lára gbòǹgbò.

(iii) Ẹ po ilẹ̀. Garawa ilẹ̀ dúdú méjì sí garawa kan ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti pẹ́, tí ó ti jẹrà, tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, ẹ fi yanrìn díẹ̀ sí i.

(iv) Ẹ bu omi sí ilẹ̀ náà ní àṣálẹ́ kí ẹ tó gbìn. Ní òwúrọ̀, ẹ ti hóró bọlẹ̀ dé ìwọ̀n oríkèé àkọ́kọ́ ìka yín, ìyẹn bí íǹṣì kan. Ẹ fi ilẹ̀ bò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

(v) Ẹ to àwọn ọ̀rá náà pọ̀ síbi tí oòrùn ti ń dé. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n títí tí wọn yóò fi hù, ìyẹn bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ sì ká a kúrò. Àgbàdo tí ó bá dàgbà sínú ibòòji yóò ga lásán, kò ní lè dúró. Ẹ fi nǹkan sọgbà yí i ká, nítorí adìẹ àti ewúrẹ́ kò mọ ohun tí owó ẹ̀yáwó ń jẹ́.

(vi) Omi lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní òwúrọ̀, ti tó. Ilẹ̀ tí ó rin ni a fẹ́, kì í ṣe ẹrẹ̀. Bí méjì bá hù nínú ọ̀rá kan, ẹ fi abẹ gé èyí tí kò lágbára. Ẹ má fà á tu, kí ẹ má baà dá gbòǹgbò èkejì lóró.

4. KÍKÓ LỌ SÓKO

Kí ẹ tó kó o lọ, ẹ bi ilẹ̀ léèrè. Ẹ fi àdá tàbí ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ oko. Bí ilẹ̀ bá tutù dé íǹṣì 6 sísàlẹ̀, tí òjò gidi sì ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ lè gbéra. Bí ó bá jẹ́ pé òkè nìkan ló tutù tí ìsàlẹ̀ ṣì gbẹ bí eérú, ẹ ní sùúrù.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn ín, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹ bu omi sí inú ọ̀rá kí ilẹ̀ inú rẹ̀ lè dì mọ́ra. Ẹ gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Ẹ fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé èhù náà tòun ti ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má di igi rẹ̀ mú, ẹ má sì gbọn ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àgbàdo ti ń kú. Ẹ gbé e sínú kòtò, ẹ wa ilẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bu ife omi kan sí ìdí rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo ọ̀rá padà sílé. Ọ̀rá kì í jẹrà, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ẹran ọ̀sìn tí ó bá sì gbé e mì lè kú.

5. LẸ́YÌN TÍ Ó BÁ TI DÚRÓ

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún un ní ajílẹ̀. Ẹ fi í sí ibi tí ó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí ìdí igi, kí ẹ wa ilẹ̀ bò ó. Ẹ má jẹ́ kí èpò bá a dọ́gba ní oṣù àkọ́kọ́ yìí.

Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní ámíwọ́ọ̀mù. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Inú ọkàn àgbàdo ni ó ń wọ̀, ewé yóò lu ihò, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì kún ibẹ̀ bí ìyẹ̀fun igi tí wọ́n rẹ́. Ẹ yẹ èhù yín wò nínú ọ̀rá kí ẹ tó kó o lọ, kí ẹ má baà fi ọwọ́ ara yín gbé kòkòrò lọ sóko. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ pa ẹyin àti ọmọ rẹ̀. Bí ó bá di ti oògùn, ẹ kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àdúgbò yín, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín oògùn àti ìkórè. Àgbàdo tútù ni a fẹ́ tà, ẹnu ènìyàn ni ó ń lọ tààrà.

6. TI ÀGBÀDO ALÁDÙN

Ẹ wo irúgbìn rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó hunjọ. Ṣúgà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, oúnjẹ tí yóò fi hù kò tó ti àgbàdo wa. Nítorí náà ó tètè ń jẹrà nínú ilẹ̀ tí omi bá dúró sí. Ọ̀rá ni ibi tí ó ti rọrùn jù láti tọ́jú rẹ̀, hóró kan sí ọ̀rá kan.

Ohun méjì ni kí ẹ má gbàgbé. Àkọ́kọ́, ẹ má gbìn ín sórí ìlà gígùn kan ṣoṣo. Atẹ́gùn ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ lọ sára irun ọmọ rẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan sì ni hóró kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́rin, ó kéré tán, ni kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùkù yóò fọ́n eyín. Ìkejì, bí lẹ́búlẹ́bú àgbàdo lásán bá fẹ́ lù ú, hóró rẹ̀ yóò le ní ọdún náà gan-an, adùn rẹ̀ yóò lọ. Ẹ gbìn ín jìnnà sí àgbàdo yòókù, tàbí kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, sáàárín ìgbà tí àwọn méjèèjì yóò tanná.

7. FÚN Ẹ̀YIN ONÍṢÒWÒ

Àgbàdo tútù ń gbó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí irun rẹ̀ bá yọ. Bí irun náà bá ti dúdú tí ó sì gbẹ, ẹ ṣí háhá díẹ̀, ẹ fi èékánná tẹ hóró kan. Bí omi funfun bí wàrà bá yọ, ó ti tó. Bí omi lásán bá ni, ó kù díẹ̀. Bí kò bá sí omi rárá, ó ti kọjá ti sísè. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí á ya á, kí á sì gbé e sí ibòòji. Adùn rẹ̀ ń dínkù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi wà nínú ooru, pàápàá jù lọ ti aládùn. Ẹ má ṣe dì í sínú àpò fún odidi ọjọ́ kan nínú oòrùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni pé kí ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ tí ó gbìn sínú ọ̀rá àti iye rẹ̀ wá fún akọ̀wé ní ìpàdé. Bí a bá mọ̀ pé ẹni kan gbìn ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí èkejì gbìn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, oníṣòwò yóò mọ ìgbà tí yóò wá, àgbàdo wa kò sì ní dé ọjà lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí á wá máa bá ara wa du oníbàárà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ọjọ́ wo ni òjò máa ń múlẹ̀ ní àdúgbò wa? Bí a bá ka ọjọ́ 12 padà sẹ́yìn, ọjọ́ wo ni ó bọ́ sí?
2. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àgbàdo ju ọjọ́ 14 lọ nínú ọ̀rá?
3. Nínú owó ẹ̀yáwó tí a gbà fún irúgbìn, èwo ni kí á kọ́kọ́ fi sínú ilẹ̀, èwo ni kí á fi pa mọ́ de òjò tí ó dúró?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìdáhùn yín wá, kí olúkúlùkù sì mú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà mẹ́wàá tí ó ti gé lẹ́nu dání. A ó jọ gbin ti àpẹẹrẹ lẹ́yìn ìpàdé.

Ire o.

Akọ̀wé yín